Owó Tó Ní Ọjọ́

"Bàbá Akọ̀wé, ọmọ yìí ti wọ Yunifásítì o. Èló ló yẹ kí n máa fún un lóṣù?" Kì í sí ìpàdé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa tí òbí kan kò ní fi ìbéèrè yìí fà mí sí kọ̀rọ̀ lẹ́yìn àdúrà ìparí. Mo ṣe olùkọ́ títí mo fi fẹ̀yìntì, mo sì ti ń kọ ìwé ẹgbẹ́ láti ìgbà tí irun orí mi ṣì dúdú, nítorí náà wọ́n gbà pé iye náà wà lórí ahọ́n mi. Ìbéèrè ni mo máa ń fi dá wọn lóhùn: "Ọjọ́ wo lẹ ó máa fún un?" Àwọn mìíràn á rẹ́rìn-ín, wọ́n á rò pé mo ń yẹ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ni.

N kò yẹ̀ ẹ́. Mo ti rí ọmọ àgbẹ̀ lóríṣiríṣi tó lọ sí ilé-ìwé gíga láti Mọníyà títí dé Lálúpọn, láti Ẹ̀gbẹ́dá títí dé Àkànrán, àwọn tí owó sì dà láàmú jù nínú wọn ni àwọn tí kò mọ ìgbà tí òmíràn ń bọ̀. Ọmọ tó ń gba díẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù á fi ara rẹ̀ mọ díẹ̀ náà. Á mọ ọ̀sẹ̀ tí yóò se ìrẹsì, á mọ èyí tí yóò mu gàrí. Ọmọ tí wọ́n kó owó ńlá fún lẹ́yìn tí wọ́n ta àgbàdo, tí fóònù bàbá rẹ̀ kò sì wọlé mọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, gbèsè ló máa kọ́kọ́ kọ́, kó tó kọ́ irọ́. Ní ayé ìsinsìnyí, gbèsè náà kò jìnnà. Inú fóònù ló wà. Áàpù ayánilówó á fún un ní owó láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí ọjọ́ bá pé tí kò san án, wọ́n á máa fi ọ̀rọ̀ ìdójútì ránṣẹ́ sí gbogbo nọ́ńbà tó wà nínú fóònù rẹ̀, títí kan ti lèmọ́mù àdúgbò àti ti ìyá ọ̀rẹ́ rẹ̀. Irọ́ ní tirẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ wẹ́rẹ́: owó fáìlì, owó ẹ̀wù yàrá ìwádìí, owó ìrìn-àjò ẹ̀kọ́ tí ẹnikẹ́ni kò lọ. Ebi ló ń kọ́ ọmọ ní irú oríkì bẹ́ẹ̀ fún owó.

Kí n tó sọ bí a ṣe ń ṣírò rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ lé ìmọ̀ràn kan jáde nínú ilé. Ẹ̀gbọ́n kan á dé láti Èkó nígbà ọdún, á jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀, á ní: "Nígbà tí èmi wà ní U.I., kí ni bàbá mi ń fún mi? Mo ṣáà jáde." Òótọ́ ló ń sọ, ṣùgbọ́n ó fo ibì kan nínú ìtàn náà: ìjọba ló ń bọ́ ọ. Títí di ọdún 1978, kọ́bọ̀ 50 lójúmọ́ ni akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì ń san fún oúnjẹ ẹ̀ẹ̀mẹta nínú gbọ̀ngán tó ń gbé. Wọn kò sì fi oúnjẹ yẹn ṣeré. Ọ̀rọ̀ ilé ìdáná Gbọ̀ngán Nnamdi Azikiwe wà lára ohun tó dá ìwọ́de sílẹ̀ ní U.I., Yunifásítì Ìbàdàn, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1971; ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì ni ọlọ́pàá yìnbọn pa akẹ́kọ̀ọ́ kan, Kúnlé Adépéjù, ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ilé ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ títí dòní. Nígbà tí ìjọba ológun Ọbásanjọ́ sọ kọ́bọ̀ 50 di náírà kan àti kọ́bọ̀ 50 ní oṣù kẹrin 1978, gbogbo Yunifásítì gbiná. Kọ́nẹ́ẹ̀lì Ahmadu Ali ni kọmíṣánnà ètò ẹ̀kọ́ nígbà náà, òun ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ìjà ọ̀hún ní "Ali Must Go". Ní 1984, lábẹ́ ìjọba Buhari, ni ìjọba wá yọ ọwọ́ kúrò nínú bíbọ́ akẹ́kọ̀ọ́ pátápátá.

Owó tí ẹ̀gbọ́n ará Èkó yẹn ń gbà lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ti ọṣẹ ni, ti sinimá, ti ọkọ̀ tó ń gbé e wálé. Ikùn rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Láti 1984 ni ikùn ọmọ ti padà sí ọrùn bàbá, tí àwọn àgbà kan ṣì ń fi ìwọ̀n ayé ọṣẹ àti sinimá díwọ̀n rẹ̀ fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Nítorí náà, bí irú ẹ̀gbọ́n bẹ́ẹ̀ bá dá sí i, ẹ kí i dáadáa, ẹ fún un lómi, kí ẹ má sì ṣe ohun tó wí.

Ìjọba pàápàá ti gbìyànjú láti dáhùn ìbéèrè èló lóṣù yìí lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta. Àjọ NELFUND, tí Ààrẹ Tinubu bu ọwọ́ lu òfin rẹ̀ ní oṣù kẹrin 2024, ń san owó ilé-ìwé tààrà fún ilé-ìwé, ó sì ń yá akẹ́kọ̀ọ́ tó bá béèrè ní 20,000 náírà lóṣù fún ìtọ́jú ara. Mo mú bírò. 20,000 tí a pín sí ọgbọ̀n ọjọ́ jẹ́ náírà 666 àti díẹ̀. Ẹ pín ìyẹn sí oúnjẹ mẹ́ta, náírà 222 ló bọ́ sí. Ẹ mú náírà 222 lọ sí búkà kan ní Agbowó, kí ẹ wo bí olóúnjẹ ṣe máa wò yín. Síbẹ̀ n kò fi owó náà ṣẹ̀sín. Fún ọmọ tí gàrí àti èlùbọ́ ń ti ilé wá bá, 20,000 lè gbé ọkọ̀, kó gbé dátà, kó sì kan ọṣẹ. Fún ọmọ tí kò ní oko lẹ́yìn, ebi ni.

Gbèsè sì ni o. Kò ní èlé, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọdún méjì tí ọmọ bá ti sin ilẹ̀ baba rẹ̀ tán, wọn yóò máa yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá owó oṣù rẹ̀. Ní ẹgbẹ́ tiwa, èlé wà, onídùúró méjì sì gbọ́dọ̀ tẹ̀ka sábẹ́ ìwé rẹ̀. Nítorí náà gbèsè aláìlélé kò bà mí lẹ́rù. Ẹni tó ń bà mí lẹ́rù ni bàbá tó gbọ́ pé ìjọba ti ń san nǹkan fún ọmọ, tó wá ká ọwọ́ tirẹ̀ kò pátápátá.

Èmi kì í bẹ̀rẹ̀ ìṣirò láti orí náírà, torí iye náírà tí mo bá kọ síbí lónìí ti di ìtàn kí ó tó kàn yín lára. Kóńgò ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀. Kóńgò gàrí mélòó ni ọmọ yìí ń jẹ lọ́sẹ̀ nígbà tó wà nílé? Kóńgò ìrẹsì ńkọ́, ẹ̀wà ńkọ́? Ìgò epo pupa kan ń tó o fún ọjọ́ mélòó? Bàbá kì í sábà mọ̀, á wo ojú ìyá. Ẹ sọ ọ́ di ti oṣù, kí ẹ wá yà á sọ́tọ̀: èyí tí oko lè pèsè, èyí tí a ó fi owó rà. Ìrẹsì, ẹyin, ẹja, ata, gáàsì, omi àti iyọ̀ wà lápá owó. Gàrí, làfún, èlùbọ́, àgbàdo àti epo wà lápá oko.

Apá oko yìí ni mo ti máa ń bá àwọn ènìyàn mi jà. Àgbẹ̀ kì í ka ohun tó ti oko rẹ̀ jáde sí owó. Á ní òun kò ná kọ́bọ̀ lórí oúnjẹ ọmọ, "gàrí wa náà ló ń jẹ." Bẹ́ẹ̀ sì ni àpò gàrí tó dì sẹ́yìn mọ́tò lọ sọ́dọ̀ ọmọ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni ìyá ọmọ ì bá gbé lọ sọ́jà; owó rẹ̀ ni wọ́n ì bá fi san àwọn tó ń bá wọn bẹ ẹ̀gẹ́ àti àwọn tó ń yan gàrí. Iye tí ọjà ń tà á ni mo máa ń ní kí wọ́n kọ sílẹ̀. Mo ti rí i ju ẹ̀ẹ̀kan lọ tí bàbá kan tó ń bẹ̀bẹ̀ pé owó kékeré lòun ń fún ọmọ òun wò ó lórí ìwé, tí ara rẹ̀ sì bù máṣọ. Mo tún ti rí òdìkejì: àwọn tó ń yangàn pé àwọn ń gbọ́ bùkátà ọmọ, tí ó jẹ́ pé ìyá tó ń ta fùfú ló ń bọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà títí dé òpin rẹ̀.

Ọkọ̀ ló tẹ̀ lé oúnjẹ. Ọmọ Mọníyà tó ń lọ sí U.I. kò jìnnà; ó kọjá Ọ̀jọ́ọ̀, ó kù díẹ̀ kó dé. Ọmọ Àkànrán tó ń lọ sí Pọ́lì Ìbàdàn ní Ṣángo kò rí bẹ́ẹ̀. Ó máa gba Amúlóko, á dé Ọlọ́runṣògo, á tún la àárín ìgboro kọjá kó tó débẹ̀, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́. Láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2023 tí Tinubu ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti lọ, owó ọkọ̀ kò padà sí ibi tó wà mọ́. Síbẹ̀, òbí máa ń rò pé ọmọ tó ń ti ilé lọ kò náni lówó. Ẹ kọ owó àlọ àti àbọ̀ ọjọ́ kan sílẹ̀, kí ẹ ka iye ọjọ́ tó ní kíláàsì lóṣù, kí ẹ wá fi sí ẹ̀gbẹ́ owó yàrá tí òun àti ẹnì kejì lè jọ san. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ilé máa ń borí.

Àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ wà tí n kò ní pẹ́ lórí wọn: dátà, ẹ̀dà ìwé, owó ẹ̀ka ẹ̀kọ́, ọṣẹ, ìpara. Ọ̀kan péré ni mo fẹ́ dá dúró lé lórí, torí bàbá kì í rántí rẹ̀, ọmọ kì í sì í lè sọ ọ́ fún un. Ọmọbìnrin ń ra páàdì lóṣooṣù, owó rẹ̀ sì ti wọ́n. Ẹ fi sí i láìjẹ́ pé ó béèrè. Àwọn bàbá kan wà tó ń mọ̀ọ́mọ̀ dín owó ọmọbìnrin kù, wọ́n ní kò ní ṣàìrí ẹni tí yóò fún un. Ohun tí wọ́n ń sọ ni mo máa ń tún sọ fún wọn lójú ara wọn, kí wọ́n gbọ́ bó ṣe ń dún. Ọmọbìnrin tí ebi ń pa, ẹni tí yóò bọ́ ọ kì í pẹ́ yọjú, kì í sì í bọ́ni lásán.

Lẹ́yìn gbogbo ìwọ̀nyí, ẹ fi owó díẹ̀ kún un tí ẹ kò ní béèrè ìṣirò rẹ̀ láé. Àwọn òbí tó ti ṣe olóyè ẹgbẹ́ rí ni wọ́n máa ń bá mi ṣàríyànjiyàn jù níbí; wọ́n fẹ́ rí rìsíìtì. Bí a bá ní kí ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ṣàlàyé gbogbo náírà, á ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n á pe ṣúwíìtì ní ìwé, á pe ẹ̀bùn ọjọ́ ìbí ọ̀rẹ́ ní fọ́tókọ́pì. Owó kékeré tó jẹ́ tirẹ̀ gan-an ni kì í jẹ́ kí ìyókù di irọ́.

Ó wá ku ọjọ́. Àgbègbè wa yìí ti mọ̀ tipẹ́ pé owó oko kì í dé nígbà tí a ń wá a. Kò yà mí lẹ́nu pé ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ kòkó Gbẹ́dun, lọ́nà Àkànrán, ni ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí wọ́n kọ́kọ́ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Nàìjíríà ní 1937, lábẹ́ òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí wọ́n ṣe ní 1935. Owó kòkó ń dé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ti àgbàdo tútù ń dé nígbà òjò, ti iṣu tẹ̀ lé e, ẹ̀gẹ́ nìkan ni kò mọ àkókò. Ilé-ìwé náà ní kàlẹ́ńdà tirẹ̀, kò sì bá ti oko mu níbì kankan. Bí a bá jẹ́ kí owó ọmọ máa tẹ̀ lé ìkórè, á yó lóṣù kan, á máa wo ojú ọ̀nà fún oṣù méjì.

Ọ̀nà tí a fi ń yanjú rẹ̀ ní ẹgbẹ́ wa kò ní ọgbọ́n àrà kankan nínú. Nígbà tí ìkórè bá wọlé, òbí á kó owó sáà kan sọ́dọ̀ akápò, a kò ní kà á mọ́ àjẹṣẹ́kù rẹ̀, akápò á sì máa fi iye tí a jọ pinnu ránṣẹ́ sí àkáǹtì ọmọ ní ọjọ́ kìíní oṣù. Bàbá kò lè dédé wá gbà á nítorí ìsìnkú àna rẹ̀. Ó ti dá ìjà sílẹ̀ rí, àmọ́ bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn. Àwọn ìyá tó ń ta gàrí àti fùfú kò nílò èyí: owó tiwọn ń dé lọ́jọ́ ọjà, nítorí náà ọjà ni wọ́n fi ń ka ọjọ́ fún ọmọ. Ọjọ́ ọjà kan, wọ́n á fún alájọ. Ọjọ́ ọjà kejì, wọ́n á fi ránṣẹ́. Ọmọ tó mọ ọjọ́ ọjà ìyá rẹ̀ kì í pè é lágogo mẹ́wàá òru pé ebi ń pa òun.

Ìdí mìíràn tí n kò fi fẹ́ kí ẹ kó owó sáà kan fún ọmọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni ìyanṣẹ́lódì. Ní ọjọ́ 14 oṣù kejì 2022 ni àwọn olùkọ́ Yunifásítì, ASUU, bẹ̀rẹ̀ èyí tó gba oṣù mẹ́jọ. Àwọn ọmọ padà wálé, wọ́n bá wa lọ sóko, àwọn kan tilẹ̀ ń wa ọ̀kadà. Owó sáà tó wà lọ́wọ́ wọn ti tán kí oṣù kẹrin tó parí. Àwọn onílé kò sì bá ASUU yanṣẹ́ lódì: owó yàrá ń lọ ní tirẹ̀ bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ sùn níbẹ̀.

Ilé àgbẹ̀ kì í sábà ní ọmọ kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ tó nira jù fún mi sì wà níbẹ̀. Bí ọ̀kan ṣe wà ní Yunifásítì LAUTECH ní Ògbómọ̀ṣọ́, bẹ́ẹ̀ ni àbúrò rẹ̀ wà lọ́dọ̀ télọ̀ ní Ìyànà Ọ̀fà, ẹ̀kẹta ń kọ́ iṣẹ́ wẹ́dà ní Ẹ̀gbẹ́dá. Oṣooṣù ni owó ń lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ ń jẹun nílé, kò béèrè nǹkan, títí ọjọ́ fírídọ̀mù á fi pé. Ó nílò ẹ̀rọ ìránṣọ, ó nílò owó ṣọ́ọ̀bù, ó nílò ìgbà tí yóò fi rí oníbàárà. Ọjọ́ yẹn ni bàbá á ní owó ti tán sórí ẹ̀gbọ́n. Mo mọ ọmọ tó gba fírídọ̀mù tó sì tún wà lẹ́yìn ọ̀gá rẹ̀ fún ọdún méjì, tó ń gba owó ojúmọ́, nítorí pé kò ní ẹ̀rọ. Òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kì í jókòó pọ̀ mọ́. Nítorí náà, bí bàbá bá wá bá mi lórí owó akẹ́kọ̀ọ́, gbogbo ọmọ tó ní ni mo máa ń ní kó kọ sórí tákàdá kan náà, kó kọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò gbà títí wọn yóò fi dá dúró. Iye tí a ó fún akẹ́kọ̀ọ́ máa ń wá sílẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn èyí. Ó yẹ kó wá sílẹ̀.

Ti ilé olórogún le ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n oògùn rẹ̀ ò le: kí gbogbo ilé mọ iye náà. Iye tí wọ́n mọ̀ kì í dá ìjà sílẹ̀ tó iye tí wọ́n ń fura sí. Bákan náà ni owó tí ìyá ń tú ní ìdí aṣọ fún ọmọ láìjẹ́ kí bàbá gbọ́. N kì í ní kí ìyá má fún ọmọ mọ́, ta ni yóò gbọ́ sí mi lẹ́nu? Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ìyá mú oúnjẹ, kí bàbá mú owó ọkọ̀ àti yàrá, kí ọmọ má baà máa gba owó ẹ̀wà lọ́nà méjì kó sì dákẹ́.

Ẹ ṣọ́ra, ẹ jọ̀wọ́, fún ọmọ tó ṣàdédé jáwọ́ nínú bíbéèrè. Inú òbí máa ń dùn, wọ́n á dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run ní ìpàdé. Ó lè jẹ́ pé ó ń bá wọn tún fóònù ṣe tàbí ó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ilé, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ó lè jẹ́ tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù ló jẹ fún un lọ́sẹ̀ méjì, ó sì lè jẹ́ jìbìtì yàhúù. Ẹ bi í níbi tí owó ti ń wá, kí ẹ sì dúró gbọ́ ìdáhùn. Bó bá mú fóònù tuntun wálé fún yín kí ẹ tó béèrè, ó ti pẹ́ díẹ̀.

Ìgbà tí owó yóò dáwọ́ dúró pẹ̀lú yẹ kó ní ọjọ́, kí ọmọ sì ti mọ̀ ọ́n láti ọdún ìkẹyìn. Lójú tèmi, ọjọ́ tó bá jáde ní àgọ́ àwọn agùnbánirọ̀ ni. Láti 2025 ni ìjọba ti ń san 77,000 náírà lóṣù fún agùnbánirọ̀. 33,000 ni tẹ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ tó wà nínú ìwé mi kì í rí tó bẹ́ẹ̀ lóṣù. Mo sọ èyí fún ìyá kan ní Lálúpọn ní ọjọ́ tí mo bá a tó ń dí ẹnu àpò gàrí tó fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀ tó ń sìnlú ní Jígáwá. Mo ní, "Ìyá, ọmọ yìí ti ń gbowó jù yín lọ o." Kò gbé ojú sókè. Ó ní kí n bá òun di apá kejì àpò náà mú.